Ìpín Sámù Nínú Ogún Pendrell

Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò sí ẹni tó fẹ́ràn bàbá ńlá rẹ̀ tó Theophilus Pendrell, kò sì sí aládùúgbò tí kò tíì gbọ́ nípa bàbá ńlá náà títí etí fi kún. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò ní, "Káàárọ̀ o. Bàbá ńlá mi ní Amẹ́ríkà kì í tètè jí báyìí. Ó ní àwọn tó ń bá a jí." Bí ẹ bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, yóò sọ fún ẹni tó ń tà á pé àlìkámà kún inú àká bàbá ńlá òun débi pé eku ń yan èyí tó wù ú. Lẹ́yìn náà ni yóò ra búrẹ́dì tó kéré jù lọ.

Òun ni Theophilus ọkọ Christabel, afínjú àdúgbò, a-gbélé-onílé-ṣe-bí-onílé, a-fi-ìtàn-jẹun-bí-ẹni-fẹran-jẹun. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adójútòfò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní aago ara ògiri kan. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, ó ní irú aago bẹ́ẹ̀ ni ìdílé Pendrell fi ń mọ àkókò láti ayébáyé. Bátìrì aago náà ti kú tipẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á rọra fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ara wa náà là ń fi ṣe é. Èkó la wà. Ẹni tí kò bá ní ọba nínú ìdílé rẹ̀, á ní balógun. Ẹni tí kò ní balógun, á ní ìyá àgbà kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú dó. Àwọn tó ru ẹrù gbogbo ọba àti balógun wọ̀nyí ńkọ́? A ò tíì pàdé ọmọ wọn rí.

Ohun tí gbogbo ẹbí Pendrell mọ̀ ni pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Sámù Pendrell ti Amẹ́ríkà dé Sàró láyé àtijọ́, pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti Sàró wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Èbúté Mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú wọn gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àwọn kan gba mọ́ṣáláṣí lọ, gbogbo wọn sì jọ ń jà lórí ilé náà láìsí ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Nígbà tí olórí ẹbí kú, ipò ṣófo. Ẹ̀gbọ́n Àmúsà, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Pápá Àjàó, ló dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin, òun ló sì kàn. Ẹni tó bá di olórí ẹbí ni yóò máa gbé yàrá iwájú lókè, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Òun ni gbogbo ẹbí yóò máa pè ní Bàbá, ìbáà jẹ́ ẹni tó jù ú lọ nínú owó tàbí nínú ìwé.

Theophilus fẹ́ yàrá yẹn bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Ilé onílé ló ń gbé látọjọ́ tó ti dáyé. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n fi í fún ìbátan kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Pápá Àjàó pé kó máa bá a gbé, kó lè kàwé níbẹ̀. Irin elépo ló ń fọ̀ fún wọn kó tó lọ síléèwé àti lẹ́yìn tó bá dé, kò sì sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀. "Ọmọ yẹn" ni wọ́n ń pè é títí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó dùn ún, ó ṣì ń dùn ún. Ẹni tí wọ́n bá pè ní ọmọ yẹn fún ìgbà pípẹ́, á wù ú kí wọ́n pe òun ní Bàbá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ó mọ̀ pé òun ò lè fi ọjọ́ orí borí Àmúsà. Ó bá pinnu pé òun á fi ìtàn borí rẹ̀. Bí òun bá lè fi hàn pé ọlọ́lá ni Pendrell àkọ́kọ́, pé ogún rẹ̀ sì ń dúró de àwọn ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ta ni ẹbí máa rán lọ bá òyìnbó sọ̀rọ̀? Ṣé ẹni tó ń fi ẹnu fa bẹntiróòlù jáde látinú jẹnẹrétọ̀ ni? Àwọn àgbà sọ pé ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Theophilus ní tiẹ̀ ti ní orúkọ ná, ilé ló ń wá.

Ó jókòó ti lápútọ́ọ̀pù, ó ra dátà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá Pendrell kiri íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tó fi rí ọ̀kan: Ọ̀gágun Josiah Pendrell, olóko tábà ní Virginia, nígbà tí ọba ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wọn lórí níbẹ̀. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ ìrìbọmi sí ló kọ́kọ́ jáde.

"Christabel, wá wò ó," ló pe ìyàwó rẹ̀. "'Sámù, ti Ọ̀gágun Pendrell, a ṣe ìrìbọmi fún un.' O rí i bí?"

"Mo rí i, Bàbá Lydia. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Bí o bá rí ọmọ kékeré ní àdúgbò, tí o ní, 'Ti ta ni ọ́?' kí ló máa sọ?"

"Á dárúkọ bàbá ẹ̀."

"Ó parí. Ti Pendrell ni Sámù."

Christabel tẹ̀ síwájú, ó wo ìwé náà dáadáa. "Hannah náà, ti Pendrell. Dáínà, ti Pendrell. Pọ́mpì, ti Pendrell. Ọjọ́ kan náà ni Bàbá bí gbogbo wọn?"

"Aláya púpọ̀ ni."

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà yẹn kò le tó ti ìsinsìnyí."

"Wọ́n tún kọ 'dúdú' sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gbogbo wọn."

"Ìyá wọn ló dúdú," ni Theophilus wí, ó sì yí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ilẹ̀ jáde. Inú Theophilus dùn débi tí kò fi rántí jẹun. Ilẹ̀ Josiah bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi ńlá kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko aládùúgbò rẹ̀ kọjá, ó lọ títí dé ẹnu odò. Theophilus ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, ó ní yóò tó Surulere, bí a bá yọ pápá ìṣeré kúrò. Èyíkéyìí nínú wa tó bá ti ra ilẹ̀ ní Èkó rí mọ̀ pé ìdí igi ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò kan Theophilus. Ó ti ń ronú irú gééètì tí yóò fi síbẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìwé ìpín ogún, tí Josiah kọ kó tó kú. Ó gùn. Theophilus ka ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí Bàbá ti ń dárúkọ ilé ńlá, ẹ̀rọ ìlọkà àti ọgbà èso. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti bá orúkọ tó ń wá: Sámù, mo fi í fún Margaret ọmọ mi obìnrin.

"Wọ́n fi Sámù fún àǹtí ẹ̀ kó máa bá a gbé," ló sọ fún Christabel. "Àbí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín? Wọn ò fi èmi náà fún Bùọ̀dá ní Pápá Àjàó?"

"Wọ́n fi yín fún wọn lóòótọ́," ni Christabel dáhùn. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbójú sókè. "Ṣé inú yín dùn níbẹ̀?"

Theophilus sún lápútọ́ọ̀pù mọ́ra. Ó pa ìwé náà dé lójú ewé àkọ́kọ́ yẹn, ó ní èyí tí òun kà ti tó.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ ìpàdé, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Wásáàpù ẹbí pé: "Ogún wa ní Amẹ́ríkà ti fojú hàn. Ilẹ̀ náà tó Surulere. Olórí ẹbí tó mọ̀wé nìkan ló lè bá wa gbà á." Kò sẹ́ni tí kò fèsì. Ìbátan rẹ̀ Saidat, tó ti fi ìbínú jáde nínú gúrúùpù náà, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun padà sínú ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ilé Èbúté Mẹ́ta kún. Àwọn tí wọn kì í yọjú síbi ìsìnkú yọjú. Àwọn tó ti pe ara wọn lẹ́jọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n ń bi ara wọn léèrè àlàáfíà ọmọ. Ẹ má bú wọn. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ilẹ̀ tó tó Surulere ń dúró dè ọ́ níbì kan, ìwọ náà á wẹ̀ láàárọ̀.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé náà, kálukú bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ òkè kó tó wọlé. Bàtà Theophilus dúdú, ó ń dán. Ó rọra gbé e sọ́tọ̀ kó má baà fara kan sílípáàsì Àmúsà, tí ọ́ìlì ti mú rin gbingbin.

Lára ògiri pálọ̀ ni bánà tó ṣe wà. Òyìnbó kan tó dé irun funfun wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Theophilus ti rí òyìnbó náà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pinnu pé Josiah ni. Theophilus fúnra rẹ̀ wà lápá òsì. Ó ti ní kí ẹni tó tẹ bánà náà bá òun fi kọ̀ǹpútà mú ara òun pupa díẹ̀, kí ìjọra lè hàn. Ẹ̀rọ kan tí ó yá ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń gbé ìwé inú lápútọ́ọ̀pù jáde gàdàgbà-gadagba sára ògiri kejì.

Ó dìde, ó gbọn agbádá, ó ki oríkì tó fúnra rẹ̀ kọ:

"Pendrell ọmọ olóko tábà,
Ọmọ a-nílẹ̀-má-mọ-ìpẹ̀kun,
Ọmọ a-sùn-lọ́sàn-án-kóko-ó-kún,
A-ní-ọmọ-nílé-bí-ẹni-ní-erùpẹ̀."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó fi ìwé ṣọ́ọ̀ṣì hàn wọ́n, wọ́n kọ háà. Ó fi ìwé ilẹ̀ hàn wọ́n, kò sẹ́ni tó tún kọ háà, nítorí ọkàn gbogbo wọn ti lọ síbẹ̀.

"Theophilus," ni Ẹ̀gbọ́n Àmúsà wí, "ilẹ̀ yẹn, ṣé títì dé ibẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, Amẹ́ríkà ni. Kò síbi tí títì ò dé."

"Ó dáa. Ti ìkángun ni kí ẹ fún mi, níbi tí mo ti lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fi ipò olórí sílẹ̀ fún ẹ. Kí n kúkú ní ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà ju kí n máa parí ìjà níbí."

Theophilus gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ara rẹ̀ yá gágá. Ó ti gba ipò. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá iwájú, ó ti ń rí ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa wà.

Ṣùgbọ́n Saidat ti dìde. "Ta ló fún yín ní ìkángun? Ìdí igi ìyá tiwa ni wọ́n ti ń rẹ́ jẹ láti ọjọ́ yìí. Àwa la máa kọ́kọ́ mú."

"Ìdí igi kẹ̀?" ni ẹlòmíràn wí láti ẹ̀yìn. "Orí-ò-jorí la máa pín in, iye ọmọ la máa wò, kì í ṣe iye ìyá."

Bẹ́ẹ̀ ni ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì tẹ̀ rí. Àǹtí Ìdíátù ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Òun ni àgbà obìnrin nínú ẹbí, ó sì ti fi ọdún púpọ̀ bá àwọn àbúrò rẹ̀ dé kóòtù lórí ògiri kan, kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ogún.

"Ẹ dákẹ́ ná," ló wí. "Sámù ló bí wa. Ohun tó kan Sámù ló kàn wá. Theophilus, kí ni wọ́n pín fún Sámù?"

"Àǹtí, wọ́n fi í fún Margaret, ọmọ Bàbá, pé kó máa bá a gbé."

"Mi ò béèrè ibi tó ń gbé. Ìpín ẹ̀ ni mo béèrè."

"Ó wà níwájú, mà."

"Ṣí i síwájú."

Kò sí ohun tí Theophilus lè ṣe. Ó tẹ lápútọ́ọ̀pù, ojú ewé kejì bọ́ sára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ńlá túmọ̀ rẹ̀, bó ṣe máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ìwọ̀nyí ni ohun tí yóò jẹ́ ti Margaret. Àga onígi mẹ́fà. Ìkòkò irin kan, etí rẹ̀ ti ṣẹ́."

"Ọlọ́rọ̀ wo ló ń fi ìkòkò tí etí ẹ̀ ti ṣẹ́ jogún?" ni Saidat béèrè.

"Abo ẹṣin kan, ó lágbára. Hannah, àti gbogbo ohun tó bá bí." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Dáínà, àgbàlagbà, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Màlúù méjì."

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ògiri. Níwájú ohun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni wọ́n kọ iye owó tó tó sí: níwájú àga, níwájú ìkòkò, níwájú Hannah.

"Èwo ni ti Sámù níbẹ̀?" ni Àǹtí Ìdíátù wí.

Theophilus yíjú kúrò lára ògiri. Ayọ̀kànmí, ọmọ àbúrò Àmúsà tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ló dìde tó ka èyí tó kù lára ògiri. "Sámù, ọkùnrin, ó ti sá lọ bá àwọn ọmọ ogun ọba. Bí wọ́n bá rí i mú, kó jẹ́ ti Margaret." Ó ṣàlàyé fún wọn pé àwọn ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ló kó irú àwọn tó sá wá bá wọn bẹ́ẹ̀ lọ, títí àwọn kan fi dé Sàró. "Wọn ò kọ iye síwájú tiẹ̀. Ìlà ni wọ́n fà síbẹ̀."

"Mo ní kí ni Sámù gbà?"

"Àǹtí, kò gba nǹkan kan. Sámù wà lára ohun tí wọ́n pín."

Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Àánú Sámù ṣe wọ́n, ìtìjú sì mú wọn, nítorí orí ìkángun ilẹ̀ ẹni tó ni Sámù ni wọ́n ti ń jà láti àárọ̀.

Ní ti Theophilus, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ti mọ̀. Nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti mọ̀ láti ìgbà tí Christabel ti béèrè bóyá inú rẹ̀ dùn ní Pápá Àjàó. Ìdí tí kò fi ṣí ojú ewé kejì nìyẹn. Òun tí wọ́n pè ní ọmọ yẹn ní kékeré, òun ló tún wá ń ki ẹni tó pe bàbá rẹ̀ ní nǹkan.

Saidat yíjú sí bánà. "Ó wá jẹ́ pé òyìnbó yìí ló ni bàbá wa bí ẹní ni ẹṣin, ìwọ sì kó wa jọ pé ká wá máa kì í?"

"Ó tún bó ara ẹ̀ kó lè jọ ọ́," ni ẹnì kan wí.

Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo wọn, irú ẹ̀rín tí àwọn tí ojú ń tì máa ń rín nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tí ojú yẹ kó tì jù wọ́n lọ. Àwọn tó ń jẹun nísàlẹ̀ sáré gòkè wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Christabel nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀.

Theophilus kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó gba ilé ìdáná, ó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó fò kọjá gọ́tà, ó bọ́ sí títì. Ayọ̀kànmí yọrí lójú fèrèsé yàrá iwájú, yàrá tí ọkàn Theophilus fẹ́.

"Ẹ wá wò ó," ló ké, "ó ti sá lọ! Ọmọ Sámù ni lóòótọ́!"

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù dìde. Àwọn ọlọ́kadà yí ọrùn. Theophilus sáré dé ìkóríta kó tó ṣàkíyèsí pé títì ń jó òun lẹ́sẹ̀. Ó wolẹ̀, ó rí ọmọ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bàtà rẹ̀ wà lókè lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ẹ̀rín sì gbé e láìròtẹ́lẹ̀. Ó ń sọ sínú pé: Sámù sá mọ́ ìbọn àti ajá lọ́wọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Èmi sá mọ́ Saidat lọ́wọ́, mo sì gbàgbé bàtà. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó ń ta káàdì ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ rọra gbé àga rẹ̀ jìnnà sí i.

Kò sí bí ó ṣe lè fẹsẹ̀ lásán dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ó padà, ó gba iwájú ilé gòkè lọ́tẹ̀ yìí.

Gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi Àmúsà jókòó sórí àga olórí ẹbí, ó sì ti ká bánà náà sórí itan rẹ̀, ó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé yóò dára fún bíbo jẹnẹrétọ̀ nígbà òjò. Bàtà Theophilus wà lórí tábìlì, níwájú Àǹtí Ìdíátù.

"Kí lo wá mú?" ni Àǹtí béèrè.

Theophilus dọ̀bálẹ̀ gbalaja, agbádá rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàtà mi ni, mà."

"Ìbí ò ju ìbí. Bí wọ́n ṣe bí ẹrú ni wọ́n bí ọmọ. Ta ló ní kó o lọ máa wá bàbá kiri nígbà tó o ní bàbá?" Ó fi ọwọ́ lé bàtà náà. "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Sámù ni mí."

"Sámù wo?"

"Sámù tó sá lọ."

"Ti ta ni Sámù?"

Gbogbo pálọ̀ ń wò ó. Theophilus rántí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ó rántí ìlà tí wọ́n fà sí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ iye sí.

"Ti ara ẹ̀ ni, mà."

Àǹtí Ìdíátù ti bàtà náà sí i. Theophilus gbé e, ó lọ tò ó sẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílípáàsì Àmúsà, ó sì wá àyè jókòó sórí ilẹ̀.